Fágúnwà Kò Wọ Igbó Irúnmọlẹ̀, Iwin Kò sì Pa Á

Ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ D. O. Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá, ẹnìkan á ṣáà dìde ní ìgbà ìbéèrè, á ní igbó Òkè-Igbó, ìlú rẹ̀, ni ó wọ̀ tó ti bá àwọn iwin pàdé, pé ó tú àṣírí wọn sínú ìwé, ìdí nìyẹn tí odò fi gbé e lọ. Níbi àpérò kan tí mo lọ lórí ìgbésí ayé rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù. Ó dùn mí.

Pé ìtàn àròsọ ni àwọn ìwé náà, ẹni tó kà wọ́n nílé ìwé ti mọ̀. Ohun tí n kò lè gbé mì ni pé àwọn tó ń pìtàn yìí kò ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, dáadáa. Akọ̀wé jókòó ní tirẹ̀ láàárọ̀, àgbàlagbà kan ló wá bá a, tó ní kó mú gègé àti ìwé. Àkàrà-ògùn ni àgbàlagbà yẹn. Òun ni ọdẹ, òun ló wọ igbó, òun ló bá iwin burúkú tó ń jẹ́ Àgbákò jà, òun àti àwọn ọdẹ yòókù ló lọ sí Òkè Lángbòdó. Ohun tí akọ̀wé gbọ́ ló ń kọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn èèyàn ń wá bá wọn gbọ́ ìtàn náà, èrò ń pọ̀ sí i. Bí ìwé fúnra rẹ̀ bá ní ẹni tó kọ ọ́ kò wọ igbó, níbo ni àwa ti rí i pé ó wọ̀ ọ́? Fágúnwà mọ̀ọ́mọ̀ fi ara rẹ̀ sípò akọ̀wé ni. Ọgbọ́n yẹn ni a ń gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí a bá ní ohun tó fojú rí ló kọ. Ní Ọ̀yọ́ ni ó ti ń ṣe olùkọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's, nígbà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS tẹ ìwé náà jáde ní 1938.

Ikú rẹ̀ ńkọ́? Odò ló kú sí lóòótọ́, ní Wuya lẹ́bàá Bídà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, 1963, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìtẹ̀wé Heinemann. Ilẹ̀ Núpé nìyẹn, kì í ṣe igbó Òkè-Igbó. Ọdún 25 ti kọjá lórí ìwé àkọ́kọ́. Ó ti kọ Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Iwin tó ń bínú ṣe dúró tó bẹ́ẹ̀?

N kò sọ pé Òkè-Igbó kò fún un ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1903, ó sì ṣeé ṣe kí ìtàn ẹnu àwọn ọdẹ ibẹ̀ wà nínú ohun tó kọ. Ẹni tó bá gbà pé iwin wà, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín láti fi Igbó Irúnmọlẹ̀ hàn yín, ẹ má san án. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn ikú yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Fágúnwà ní kíláàsì. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, iwin ni yóò máa wá kiri nínú ìwé náà, kò sì ní fetí sí bí ọkùnrin yẹn ṣe ń to ọ̀rọ̀.