Àlòkù tàbí tuntun: bí a ṣe ń ṣa ẹ̀yà kọ̀ǹpútà gíémù nígbà tí owó ò pọ̀

Ẹni tó fẹ́ fi owó péréte to kọ̀ǹpútà gíémù kò lè sá fún àlòkù. Ìbéèrè méjì ni yóò máa bi ara rẹ̀ lórí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: báwo ló ṣe ń gbó, tó bá sì kú, kí ni yóò bá a kú?

Pírósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló rọrùn jù láti rà ní àlòkù. Kò ní ohun tó ń yí nínú, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni bọ́ọ̀dù tó gbé e máa ń kú ṣáájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó fi ń gba iná ni ká yẹ̀ wò. Lára AM4, irú ihò pírósẹ́sọ̀ kan ti ilé iṣẹ́ AMD, abẹ́ pírósẹ́sọ̀ ni wọ́n wà. Ní ti AM5 tó tẹ̀lé e àti pírósẹ́sọ̀ Intel òde òní, ojú ihò bọ́ọ̀dù ni. Ẹyọ kan tó bá wọ́, wàhálà dé. Àwọn kan wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún: ní 2024, Intel gbà pé iná tó pọ̀ jù ń ba àwọn pírósẹ́sọ̀ dẹ́sítọ́ọ̀pù ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá tó lágbára jẹ́. Àtúnṣe tí wọ́n gbé jáde ń dáàbò bo èyí tó ṣì sàn, àmọ́ kò lè jí èyí tó ti bàjẹ́. Ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Gíráfíìkì káàdì, èyí tó ń ya àwòrán gíémù sójú sìkírínì, ló ń jẹ owó jù, ibẹ̀ náà sì ni àlòkù ti ń gbani lọ́wọ́ gbèsè jù. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, kọ fífi káàdì ṣe ìṣirò láti wa owó sílẹ̀, àwọn káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru sì ya wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ ń sá fún wọn bí ẹni rí ejò. Bẹ́ẹ̀, fáànù àti ìpara tó ń gbé ooru kúrò lórí ṣíìpù ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó, méjèèjì sì ṣeé pààrọ̀. Ìtàn tí ẹni tó ń tà á bá sọ kò tó nǹkan níwájú ìdánwò: kó gbé gíémù tó wúwo lé e fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí olùrà jókòó tì í. Bí àmì aláràbarà bá ń tàn lójú sìkírínì, bí fáànù bá ń ké, tàbí tí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀, kí ẹni tó ń tà á gbé káàdì rẹ̀ padà lọ. Àwọn oníjìbìtì kan tún máa ń yí BIOS (ètò inú káàdì tó ń sọ irú ẹni tó jẹ́) káàdì àtijọ́ padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti, káàdì tó lágbára jù ú lọ. GPU-Z, ètò tó ń ka ohun tó wà nínú káàdì, sábà máa ń tú wọn fó.

Páwà sọ́pláì, èyí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà, ni kó jẹ́ tuntun, ẹ má dúnàá-dúrà lórí èyí. Ooru àti ọjọ́ orí ń jẹ àwọn kapásítọ̀ (ẹ̀yà kéékèèké tó ń tọ́jú iná) inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú kò sì rí i láti ìta. Èyí tí kò dára lè kú tòun ti bọ́ọ̀dù àti káàdì. Àmì 80 Plus kò ju pé kì í fi iná ṣòfò lọ. Kò sọ bóyá ó ní ààbò tó ń gé iná nígbà tí nǹkan bá dàrú. Kí a má sì yá wáyà páwà sọ́pláì mìíràn fún un: ó lè wọ ihò wẹ́kú, kó sì gbé iná gba ibi tí kò yẹ.

RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àlòkù kò léwu, kí MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, ṣáà ti yẹ̀ ẹ́ wò. RAM ìran DDR4 kò wọ ihò ìran DDR5. Ẹyọ méjì 8GB sì máa ń yá ju ẹyọ kan 16GB lọ. SSD, ibi tí fáìlì àti gíémù ń gbé, ní ìwọ̀n ohun tí a lè kọ sí i kó tó gbó. Ètò CrystalDiskInfo máa ń fi èyí tó kù hàn.

Àpótí tí gbogbo ẹ̀yà ń gbé inú rẹ̀ ńkọ́? Èyíkéyìí tí afẹ́fẹ́ ń ráyè wọ̀. Ká sáà ti fi téèpù wọn gígùn káàdì kí a tó san owó rẹ̀, nítorí àwọn káàdì kan gùn ju inú àpótí lọ.