Ṣé Àlejò Nìkan Ni Kíkọ́ Èdè Wà Fún?

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ níbi gbogbo tí àtìpó àti ọmọ ìlú bá ti jọ ń gbé, ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Èkó. Òun ni pé ẹni tó wá bá ni ló ni gbogbo wàhálà èdè kíkọ́, pé kò sí ohun tí onílé fẹ́ fi èdè àlejò ṣe. Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ tún máa ń fi ọ̀rọ̀ méjì tì í lẹ́yìn. Wọ́n ní bí onílé bá ń fi èdè àlejò dá a lóhùn, àlejò yóò kàn fọwọ́ lẹ́rán ni, kò ní kọ́ èdè ìlú mọ́. Wọ́n sì ní ọmọ tí a bá fi èdè méjì kọ́ níwèé kò ní gbọ́ ọ̀kankan dáadáa. Òótọ́ wà nínú apá kan ọ̀rọ̀ náà: àlejò gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ibi tó dé, nítorí láìsí i, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó iṣẹ́ gidi, kò sì ní lè gbèjà ara rẹ̀ nílé ẹjọ́ tàbí nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìyókù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí a bá gbé e ka orí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìlú tí mo rò pé ó fi èyí hàn jù ni Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida.

Nígbà tí Fidel Castro gbàjọba ní Kúbà ní 1959, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá gba ojú òkun àti òfuurufú lọ sí Miami. Láàárín 1960 sí 1962 nìkan, àwọn ọmọdé tó lé ní 14,000 ni òbí wọn fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà láìbá wọn lọ. Àwọn ọmọ tó ń sọ Sípáníìṣì, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wá kún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ohun tó wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà ni kí wọ́n kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, kí ó máa dá wá ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Coral Way gba ọ̀nà mìíràn, Ford Foundation, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà, sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n kó ọmọ Kúbà àti ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé pọ̀ sínú ètò kan ṣoṣo. Láàárọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án, olùkọ́ mìíràn á gba iṣẹ́ kan náà, yóò sì fi èdè kejì kọ́ ọ. Olùkọ́ tó jẹ́ ará Kúbà àti olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ló jọ ń jókòó ṣètò ẹ̀kọ́, nítorí ibi tí ọ̀kan bá parí rẹ̀ sí láàárọ̀ ni èkejì yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ní àkókò oúnjẹ, orin, àwòrán yíyà àti eré ìdárayá, gbogbo ọmọ á dà pọ̀, kálukú á sì máa sọ èdè tó bá yá a lẹ́nu.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé ọmọ onílé náà wà nínú ètò yìí. Wọn kò fi dandan mú òbí kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dúró sí ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kéré débi pé kò pẹ́ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà fi wọ inú ètò èdè méjì. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé ẹgbẹ́ wọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, wọn kò fà sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì fà sẹ́yìn nínú ìṣirò. Gbogbo ìdajì ọjọ́ tí ọmọ Amẹ́ríkà fi ń gbọ́ Sípáníìṣì kò mú ohunkóhun kúrò nínú èdè ìyá rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ìwọ̀n kò ti dọ́gba ni pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Kúbà já gaara ju Sípáníìṣì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n, lójú pópó àti nínú ìwé ìjọba. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì ń kọ́ni ní èdè méjèèjì títí di òní.

Ohun tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù ni èrò pé orí ọmọ dà bí igbá, pé bí èdè kan bá ti kún inú rẹ̀, èkejì yóò ṣàn dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tó ti mọ̀ ní èdè kan pé lẹ́tà ń dúró fún ìró, pé ọwọ́ òsì la ti ń kàwé lọ sí ọ̀tún, pé bí a bá yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́wàá yóò ku méjì, kò ní padà kọ́ wọn látìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá dé inú èdè kejì. Ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé e jáde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1970 ni Jim Cummins, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ èdè méjì ní Kánádà, ti ń ṣàlàyé èyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa, nítorí ní 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò burú ju ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá, nílé àti lẹ́yìn odi, ṣì ń lé Yorùbá jáde lẹ́nu ọmọ wọn kí Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè wọlé.

Ẹnì kan lè sọ pé òbí tó yan ilé ẹ̀kọ́ èdè méjì ti jẹ́ òbí tó ń mójú tó ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ìtọ́jú ilé ló fa àṣeyọrí. Àtakò gidi nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, níbi tí àwọn òbí tó ń wá àyè sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ju àyè tó wà lọ, tó fi jẹ́ pé kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ọmọ tí kèké mú àti ọmọ tí kèké kò mú, ohun kan náà ni òbí wọn ń fẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ méjèèjì wéra, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n rí i pé ní kíláàsì karùn-ún, àwọn tí kèké mú ti fi bí ẹ̀kọ́ oṣù 7 ṣáájú nínú kíka Gẹ̀ẹ́sì. Ní kíláàsì kẹjọ, ó ti di oṣù 9. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń wí o, kì í ṣe èdè kejì tí wọ́n lọ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹ̀sùn pé àlejò tí a bá fi èdè rẹ̀ dá lóhùn kò ní kọ́ èdè ìlú. Ní 1980, lẹ́yìn tí nǹkan bí 125,000 ará Kúbà tún gba èbúté Mariel ní Kúbà dé, àwọn olùdìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ tí Miami wà nínú rẹ̀ fọwọ́ sí òfin pé ìjọba ìbílẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ná owó rẹ̀ sórí èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó yẹ kó fi ọ̀nà hàn án ló wá ti ẹnu ara rẹ̀ pa. Ní 1984, wọ́n ní láti tún òfin náà ṣe kí ó lè gba èdè mìíràn láàyè nínú ọ̀rọ̀ ìlera àti pàjáwìrì, ní 1993 sì ni wọ́n fagi lé e pátápátá. Ní 1992, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, Alejandro Portes àti Rubén Rumbaut, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn ọmọ àtìpó tó lé ní 5,000 ní agbègbè Miami àti San Diego. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ló fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ju èdè òbí wọn lọ, títí kan àwọn ọmọ Kúbà ní Miami, níbi tí ènìyàn ti lè fi Sípáníìṣì ra ilé, kó fi rí dókítà, kó sì fi gbọ́ ìròyìn. Àwọn òbí Yorùbá ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò nílò ìwádìí kí wọ́n tó mọ èyí: ìyá á sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Èdè àlejò ló wà nínú ewu níbẹ̀, ti onílé kò sí nínú ewu kankan.

Àgbàlagbà ni èdè máa ń ṣòro fún, kì í sì í ṣe pé wọn kò fẹ́ kọ́ ọ ló sábà máa ń fà á. Ìjọba Jámánì, tó ti ní ètò ẹ̀kọ́ fún àtìpó láti 2005, ya wákàtí 600 sọ́tọ̀ fún èdè nìkan nínú ètò náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ní ọmọ mẹ́ta nílé, yóò ṣe wàhálà púpọ̀ kó tó rí wákàtí 600. Onílé tó gbọ́ díẹ̀ nínú èdè rẹ̀ lè gbé ìdajì ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ wo ọjà wa. Kò sí ìró gb nínú èdè Haúsá. Ọmọ Yorùbá tí kò mọ èyí yóò fi oníṣòwò tó ti Kánò dé ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó bá fẹ́ sọ “gbogbo” tí ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ẹni tó ti kọ́ Haúsá díẹ̀ yóò rọra tún un sọ fún un, nítorí ahọ́n tirẹ̀ náà ti kọsẹ̀ lára ɓ, ɗ àti ƙ tí àwọn Haúsá ń pè, tí Yorùbá kò ní. Ẹni tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí ló mọ bí a ti ń fi sùúrù bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, láti ìran dé ìran, náà mọ adùn kí onílé fi sùúrù bá àlejò sọ̀rọ̀.

Nàìjíríà ti kọ èyí sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ìlànà Ìjọba lórí Ètò Ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1977 sọ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, yàtọ̀ sí èdè abínibí tirẹ̀. Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama níbẹ̀. Mo fara mọ́ òfin Èkó yẹn, ó yẹ kí ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Àjẹ́gúnlẹ̀ mọ Yorùbá kà kó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ìdajì ìlànà 1977 nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó jókòó tì í ní kíláàsì kì í sábà rí olùkọ́ Ìgbò kankan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó lè kọ́ ọ wà ní àdúgbò náà gan-an, tí wọ́n ń wáṣẹ́.

N kò sọ pé kí onílé kọ́ èdè àlejò dé ìwọ̀n tí àlejò fi ń kọ́ tirẹ̀, nítorí àìní wọn kò dọ́gba. Ọmọdé tó wà nílé ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọ dójú àmì, bí ti Coral Way. Nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àtìpó ní láti lè kí àgbàlagbà bó ṣe yẹ, kí ó mọ iye kà, kí ó sì lè béèrè ibi tó ń dunni. Aládùúgbò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni àárọ̀, kó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá a gbé bí wọ́n ṣe ń pe èyí tó kàn.