Ẹ̀kọ́ oníkókó kan: kí ni, báwo la sì ṣe ń ṣe é?

Ẹ̀kọ́ oníkókó kan ni pé kí olùkọ́ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe pé a pa ìwé pọ̀ di ọ̀kan. Nàìjíríà ti kó sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ ìlera àti kọ̀ǹpútà sábẹ́ orúkọ Basic Science and Technology rí, síbẹ̀ olùkọ́ lè kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé wọn ò mọra.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé orúkọ nǹkan lásán ni wọ́n ń mú. "Àdìrẹ" nìkan kò tíì di kókó. Ó gbọ́dọ̀ ní ìbéèrè nínú, èyí tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan kò lè dá dáhùn. Fún ọmọ Pírámárì 5 l'Abẹ́òkúta, èyí tó: kí ló dé tí aró aṣọ kan fi ń tètè ṣá, tí ti òmíràn kì í ṣá?

Sáyẹ́ǹsì ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ìkòkò ẹlú máa ń ní àwọ̀ ewé; ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan ló ń di àwọ̀ aró. Nínú omi eérú tí kò ní ọ́síjìn, aró yọ́, ó sì wọnú òwú. Bí ọ́síjìn inú atẹ́gùn bá kàn án, kò lè yọ́ nínú omi mọ́, ó há síbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún kùn kò ráyè mu aró, òun ló ń funfun. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aláró ń lò dípò omi eérú o, ó ń jó ara. Àbẹ́là ni kí wọ́n fi ya ilà sórí pépà, kí wọ́n wá fi ínkì tí a fomi là kùn ún. Ilà àbẹ́là kò ní gbà á, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ láfún kò ṣe ń jẹ́ kí aró wọlé.

Ìbéèrè yẹn náà ló ń gbé ìtàn wọlé. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dá awuyewuye sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Aláké: ó ń ba àdìrẹ jẹ́ ni àbí ó ń mú iṣẹ́ aláró yá? Kí ìdajì kíláàsì gbè sápá kan, kí ìdajì gbè sápá kejì. Píríọ́dù Yorùbá nìyẹn.

Ìṣirò ló le jù láti so mọ́ ọn, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣeré jù. "Àdìrẹ 3, fi 4 kún un" kò ní àdìrẹ kankan nínú. Ẹ fún wọn ní aṣọ ọ̀pá méjì, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 183, tó fẹ̀ ní 114, kí ojú ọnà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15 lóròó, 15 níbùú. Lóròó, 12 ló wọ̀ ọ́, 3 ṣẹ́ kù. Níbùú, 7, ó ku 9. Ọnà 84 nìyẹn. Níbo la ó wá gbé 9 náà sí? Etí kan, àbí ká pín in sétí méjèèjì, 4.5, 4.5? Ọmọ tó kọ 7.6 yóò rí i fúnra rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń di ìdá ọnà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́ sikíìmù gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ fàlà sábẹ́ àwọn àkòrí tí ìbéèrè yìí gbé láìfipá mú. Bí ẹ bá ń lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ẹ kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ aláró. Àwọn ọmọ 30, ẹ pín wọn sí ọ̀nà 5, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́wọ́. Láìsí èyí, pọ́fùpọ́fù tí wọ́n rà jẹ lọ́nà ni wọ́n máa rántí.

Ẹ fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Máàkì kan fún gbogbo rẹ̀ lè bo ọmọ tó mọ ìtàn sọ dáadáa àmọ́ tí kò mọ pínpín. Bí òǹkà Róòmù bá sì wà nínú sikíìmù oṣù náà, ẹ kọ́ ọ lọ́tọ̀. Kò bá aró tan.