Jíà kẹrin ò wọlé mọ́: ṣé jíà ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Ìbéèrè: Lexus RX300 mi ti ọdún 2001 ń mu epo gan-an, kì í lágbára tó bá ń gun òkè, jíà kẹrin ò sì wọlé mọ́. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra jíà tòkunbọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má tíì rà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀ wò ná. Bí P0325 tàbí P0330 bá jáde, knock sensor ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òun ló ń gbọ́ ọ bí epo bá ń gbiná lódì nínú ẹ́ńjìnnì tó sì ń dún kọ̀kọ̀kọ̀. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò bá gbúròó rẹ̀ mọ́, ṣe ló máa ń jẹ́ kí iná pulọ́ọ̀gì pẹ́ kó tó ṣẹ́, kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́, á sì ti jíà kẹrin pa. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe jíà yín. Bó ṣe rí náà nìyẹn lára Sienna 1998 sí 2003, torí ẹ́ńjìnnì 1MZ-FE kan náà ló wà nínú wọn.

Ìbéèrè: Nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí owó iṣẹ́ rẹ̀ fi pọ̀?

Ibi tó wà ni. V6 ni ẹ́ńjìnnì yìí, àlàfo jíjìn kan wà láàárín sílíńdà mẹ́ta apá iwájú àti mẹ́ta apá ẹ̀yìn. Méjì ni knock sensor tó wà lára rẹ̀. Nínú àlàfo yẹn, lábẹ́ manifold tó ń pín afẹ́fẹ́ sínú àwọn sílíńdà, ni sensor méjèèjì wà. Kí sípánà tó lè kàn wọ́n, manifold ti òkè á kúrò, injector tó ń fọ́n epo àti rélì epo á kúrò, kó tó wá kan ti ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tú bátìrì sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù dáadáa, torí omi wà nínú hóòsì, epo náà sì ṣẹ́kù nínú rélì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n nìyí: kí wọ́n fẹ́ eruku kúrò kí wọ́n tó ṣí i, bí manifold bá sì ṣe ń kúrò ni kí wọ́n ti fi àkísà tó mọ́ dí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó bá já bọ́ síbẹ̀ lè mú kẹ́ ẹ sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Kí wọ́n ka àkísà náà nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀?

Rárá o. Ooru ti jẹ ẹ́ lára ọkọ̀ mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá sì kú lẹ́yìn oṣù méjì, owó iṣẹ́ yẹn náà lẹ máa tún san. Ẹ ra tuntun, kẹ́ ẹ sì ra méjì, kódà bí kóòdù kan ṣoṣo ló jáde. Ẹ má gbàgbé wáyà kékeré tó so mọ́ wọn. Ooru abẹ́ manifold máa ń gbẹ ẹ́ débi pé orí rẹ̀ á rún mọ́ni lọ́wọ́, kóòdù yẹn kan náà ni wáyà tó já sì máa ń gbé jáde. Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi pulọ́ọ̀gì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn kún un, torí ọwọ́ kì í sábà dé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní òun lè gbé sensor síta láìtú nǹkan kan.

Iná check engine lè kú, jíà náà sì lè wọlé. Ṣùgbọ́n sensor tí kò sí níbi tí wọ́n ṣe é fún ò ní gbọ́ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì á máa dún kọ̀kọ̀kọ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé àlàáfíà ni, pístìnnì ló máa jẹ gbèsè rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Bówó ò bá tíì tó, ẹ rọra máa wà á bó ṣe wà yẹn, kẹ́ ẹ má sáré lọ́nà márosẹ̀, títí tẹ́ ẹ fi máa rówó ra sensor méjèèjì, wáyà àti gásíkẹ́ẹ̀tì pọ̀.