Owó wà fún ẹni tó ka èdè, orúkọ tó ń jẹ́ lẹ ò mọ̀

Ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun mú ọmọ ẹ̀ wá bá mi ní Yábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lìǹgúísíìkì lọmọ náà kà, two-one ló ṣe, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán. Kí wọ́n tó jókòó dáadáa ni ìyá ti ní, "Àǹtí Tíṣà, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o. Gbogbo sikọ́láṣíìpù tá a rí, àwọn tó ka epo ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń náwó lórí ẹni tó ka èdè." Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ń bá àwọn ọmọ wo fọ́ọ̀mù, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ.

Wọn ò kúkú parọ́ tán. PTDF ti ìjọba àpapọ̀, tìtorí epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kò kan ẹni tó ń wo bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò nínú ọ̀rọ̀. Àmọ́ "scholarship" nìkan làwọn ọmọ yìí máa ń tẹ̀ sórí fóònù, owó tiwa kì í sábà jẹ́ orúkọ yẹn. Á jẹ́ assistantship, á jẹ́ fellowship, nígbà míì wọ́n á tiẹ̀ kọ ọ́ bí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́, ẹ ó sì fò ó kọjá, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni.

Amẹ́ríkà lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ dìpátímẹ́ǹtì Lìǹgúísíìkì tó ń ṣe PhD níbẹ̀, tí wọ́n bá ti gbà yín, wọn ò ní gba owó ilé ìwé, wọ́n á tún máa san owó tẹ́ ẹ máa fi jẹun tẹ́ ẹ máa fi sanwó ilé, ó sábà máa ń tó ọdún 5, ẹ̀yin náà á máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tàbí kẹ́ ẹ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe ìwádìí. Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ níbẹ̀ ò ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe Másítàsì. Níbí, BA ló ń bí MA, MA ló ń bí PhD, a ò mọ̀ míì. Bẹ́ẹ̀ Másítàsì gan-an ni owó kì í sábà sí nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ti rí bàbá tó ta ilẹ̀ ní Ìkòròdú tìtorí ẹ̀, ó dùn mí.

Wàhálà ibẹ̀ ni àsìkò. Oṣù December sí ìbẹ̀rẹ̀ January ni wọ́n sábà máa ń ti fọ́ọ̀mù, fún ẹni tó máa wọlé ní August. Ẹni tó bá jí ní March, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ wá lọ gba tránskíríìpù, ìwé èsì gbogbo kọ́ọ̀sì yín, báyìí báyìí, ẹ má dúró de ìgbà tẹ́ ẹ bá rí fọ́ọ̀mù. Ilé ìwé tèmi (mi ò ní dárúkọ ẹ̀) fi oṣù méje wá tèmi, lọ síbí, padà wá, ọ̀gá ò sí lórí àga, iná ò sí, ìgbà tó fi máa jáde ilé ìwé méjì ti tilẹ̀kùn mọ́ mi. Owó fọ́ọ̀mù ńkọ́? Dọ́là ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yọ̀ǹda ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kọ̀wé pé ẹ ò ní, nítorí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó san.

Ibi tọ́pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wá ṣe. "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn èdè." Ta ni ò fẹ́ràn èdè? Ìbéèrè ni wọ́n fẹ́ rí. Mo bi ọmọ oníléèsì yìí pé ìbéèrè wo ló ní, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní, ìyá ẹ tó jókòó síbí yìí, ó pe léèsì lẹ́ẹ̀kan, kí ló dé tó fi gbé ohùn òkè sí "lé" tó wá wálẹ̀ níparí? Tíṣà ńkọ́? Sìmẹ́ńtì? Kọ̀ǹpútà? Ibi tí Òyìnbó bá ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni àwa sábà máa ń gbé ohùn òkè sí, ìparí á wá wálẹ̀. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ lé e? Èwo ni ò tẹ̀ lé e, kí ló fà á? Ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe lọ́jà Balógun àti ní Ẹ̀pẹ́? Ọmọ náà gbé ojú sókè. Ọ̀sán kan péré nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ pẹ̀lú fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ti rí ohun tó máa kọ nìyẹn, torí wọ́n á tún ní kó fi iṣẹ́ kan tó ti kọ ránṣẹ́.

Èmi fúnra mi, Fulbright FLTA ni mo bá lọ. Kì í ṣe dìgírì o, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹ máa lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ní Yorùbá tàbí Haúsá tàbí Ìgbò fún bí oṣù 9, ìjọba Amẹ́ríkà á sanwó, ẹ ó sì padà wálé. Ọjọ́ orí 21 sí 29 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Ọmọ kan ní kíláàsì bi mí pé ṣebí "mo lọ" la ń sọ, kí ló dé tó jẹ́ "mi ò lọ", tí kì í ṣe "mo ò lọ"? Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́, kò sọ́jọ́ kan tí mo rò ó. Ìbéèrè yẹn ni mo wá gbé lọ síwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí FLAS (owó ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè) tí wọ́n kọ Yorùbá sí, ẹ fi sílẹ̀, ọmọ onílùú Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ má tẹjú mọ́ Amẹ́ríkà nìkan ṣá, ọ̀rọ̀ físà wọn ń yí bí ojú ọjọ́. Ní Jámánì àti Nẹ́dálándì, iṣẹ́ olówó oṣù ni PhD máa ń jẹ́, Max Planck, ilé ìwádìí tó wà ní Nijmegen ní Nẹ́dálándì, ń gba irú wọn fún ìmọ̀ èdè. Fásitì ìjọba Jámánì, ọ̀pọ̀ ò gba owó ilé ìwé (Baden-Württemberg ń gba 1,500 yúrò ní sẹ́mẹ́sítà kan lọ́wọ́ àjèjì), àmọ́ wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi owó tẹ́ ẹ máa ná fún ọdún kan pamọ́ sí báńkì kẹ́ ẹ tó rí físà (11,904 yúrò ni ní 2025), àyàfi tí DAAD, àjọ sikọ́láṣíìpù Jámánì, tàbí ẹlòmíì bá gbé ìnáwó yín. Erasmus Mundus, sikọ́láṣíìpù ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, ń san 1,400 yúrò lóṣù fún Másítàsì, lára àwọn tó ti wà nínú ẹ̀ ni EMLex ti àwọn tó ń ṣe atúmọ̀ èdè àti LCT ti èdè pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ẹ wò ó bóyá owó wà lọ́dún tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. ELDP tó bẹ̀rẹ̀ ní SOAS, fásitì kan ní London, ní 2002, tó ti wà ní Berlin báyìí, ti sanwó fún ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ gba èdè tó ń kú lọ sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣì ń gba fọ́ọ̀mù. Chevening, sikọ́láṣíìpù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè wákàtí iṣẹ́ 2,800, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fásitì á ní sùúrù. Ẹni tó bá fẹ́ Ṣáínà, Confucius Institute, ilé ẹ̀kọ́ èdè Ṣáínà, wà ní UNILAG, ẹ lọ bá wọn ní Akoka.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san owó fún ẹ́jẹ̀ǹtì ńkọ́? Fulbright ò ta fọ́ọ̀mù, Chevening ò ta fọ́ọ̀mù, DAAD náà ò ta á. Ẹnì kan gba owó ńlá lọ́wọ́ ìyá oníléèsì yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tó tà fún un ò ju líǹkì lọ.

Lẹ́tà táwọn lẹ́kíṣọ̀rà fi ń jẹ́rìí sí yín, mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe ní kíláàsì wọn ránṣẹ́, torí wọ́n ti gbàgbé yín, wọ́n ń kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìmeèlì ilé ìwé ránṣẹ́, torí Yahoo máa ń kọ ilé ìwé míì lóminú. Ọmọ oníléèsì ní ọ̀gá òun ò lo ìmeèlì ilé ìwé rí, pé kò tiẹ̀ mọ páásìwọ́ọ̀dù ẹ̀. Mo ní kó tètè gba ọ́fíìsì ẹ̀ lọ ní Mọ́ńdè, kó mú léèsì dání.