Báwo Ni Hot Springs Ṣe Di Ilé Bésíbọ́ọ̀lù?

Kí ló gbé àwọn agbábésíbọ́ọ̀lù dé ìlú kékeré yìí ní ìpínlẹ̀ Arkansas, Amẹ́ríkà?

Omi ni. Orísun 47 ló ń sun jáde lẹ́sẹ̀ òkè níbẹ̀, omi wọn sì gbóná tó ìwọ̀n Celsius 62. Ó lè bó èèyàn lára, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó tó ṣeé wẹ̀. Láyé ìgbà náà, agbábọ́ọ̀lù kì í ṣeré ìdárayá nígbà òtútù. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mutí, ikùn á yọ. Ní 1886, Cap Anson, olórí ẹgbẹ́ Chicago White Stockings (Cubs òde òní), kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀ kí ooru lè fa ọtí àti ọ̀rá jáde lára wọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé omi gbígbóná máa ń yọ ọ̀rá lóòótọ́?

Rárá o. Òógùn ló ń yọ. Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn ìwẹ̀ á rí i pé òun fúyẹ́, àmọ́ tó bá ti mumi tán, ìwọ̀n rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Ìwẹ̀ náà dáa fún ẹran ara tó le gan-gan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè tí wọ́n ń rìn gùn, tí wọ́n ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ni a gbà pé ó mú ikùn wọn wálẹ̀.

Ṣé ibẹ̀ ni irú ìgbaradì yìí ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?

Ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Chicago ti lọ gbaradì ní New Orleans ní 1870. Hot Springs ló sọ ọ́ di àṣà: àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé Anson, pápá kan ò tó mọ́. Whittington Park ti wà láti 1894, Fogel Field dé ní 1912.

Bọ́ọ̀lù tí Babe Ruth, ìlúmọ̀ọ́ká agbábésíbọ́ọ̀lù, gbá tó bọ́ sáàárín ọ̀nì ńkọ́?

Òótọ́ ni. Ní March 17, 1918, ajubọ́ọ̀lù (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ gbá a) ni Ruth ṣì jẹ́ fún ẹgbẹ́ Red Sox ti Boston, wọ́n kàn fi í dí àlàfo ní ibùdó kìíní (first base) ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi Whittington Park, ó fo títì, ó bọ́ sínú ọgbà tí wọ́n ti ń sin ọ̀nì ní òdìkejì. Ẹsẹ̀ bàtà 573 ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ rọra gba iye yẹn o, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wọn ilẹ̀ ọ̀hún.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

Àwọn náà gbaradì níbẹ̀, ẹgbẹ́ Kansas City Monarchs àti Pittsburgh Crawfords wà lára wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé ìwẹ̀ ńláńlá tó wà lójú títì, àwọn ló ń wẹ aláwọ̀ funfun, wọn ò sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ níbẹ̀; ilé ìwẹ̀ Pythian ni tiwọn. Ní 1953, ẹgbẹ́ ìlú náà, Hot Springs Bathers, gba ajubọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, Jim àti Leander Tugerson. Àwọn aláṣẹ líìgì Cotton States, tí ẹgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀, fárígá. Ní May 20, bí Jim ṣe fẹ́ ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, rẹfirí fi ìdíje náà fún ẹgbẹ́ kejì. Jim lọ sí ẹgbẹ́ Knoxville, ó sì jáwé olúborí nígbà 29 ní sáà yẹn.

Kí ló wá lé àwọn ẹgbẹ́ ńlá lọ?

Òtútù àti òjò. Oṣù kẹta ní Arkansas kò ṣeé fọkàn tán, apá tó tutù sì máa ń tètè farapa bí ajubọ́ọ̀lù bá fipá ju bọ́ọ̀lù. Florida móoru jù bẹ́ẹ̀ lọ, Arizona náà sì tẹ̀lé e. Ẹni tó bá wá Whittington Park lọ lónìí, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló máa bá. Ọgbà ọ̀nì ṣì wà ní iwájú rẹ̀.