Ìró Inú Mẹ́kúrì: Bí Kọ̀ǹpútà EDSAC Ṣe Ń Rántí Nǹkan

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa kọ̀ǹpútà onífáàfù ayé àtijọ́ (fáàfù ni ìgò dígí tó ń darí iná mànàmáná) ni pé inú àwọn fáàfù tó ń tàn yòò náà ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí. Bí ENIAC ti Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn, ó sì ná wọn ní ohun púpọ̀: nǹkan bí 550 fáàfù ni ẹ̀ka ìṣírò kan ń lò láti di nọ́ńbà kan ṣoṣo mú, 20 péré sì ni irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. EDSAC, tí Maurice Wilkes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ní Yunifásítì Cambridge, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1949, kò ní ju nǹkan bí 3,000 fáàfù lọ, síbẹ̀ àyè ìpamọ́ tó ní fún nọ́ńbà àti àṣẹ jẹ́ 512. Mẹ́kúrì, irin tó jẹ́ olómi, ni àṣírí rẹ̀.

Páìpù irin tó gùn tó mítà kan àbọ̀ ni wọ́n rọ mẹ́kúrì kún, tí wọ́n fi kúọ́tìsì (òkúta kan tó dà bíi dígí) pẹlẹbẹ dí lẹ́nu méjèèjì. Bí iná bá kan kúọ́tìsì kan, á gbọ̀n, ìgbọ̀n náà á di ìró tí etí kò lè gbọ́, á la inú mẹ́kúrì kọjá, kúọ́tìsì kejì á sì sọ ọ́ di iná padà. Ìró kò yára bí iná, nítorí náà kí èyí tó ṣíwájú tó dé òdìkejì, àmì 576 ti tò tẹ̀lé ara wọn nínú páìpù kan. Ìgbà yìí ni fáàfù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́: ó ń gba ìró tó ti rẹ̀, ó ń tún un ṣe, ó sì ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Bí orin tí elégbè ń gbè ni ìpamọ́ yìí rí. Kò sí ibi kan tí a tọ́jú rẹ̀ sí. Gbígbè tí wọ́n ń gbè é ló mú un wà, bí wọ́n bá sì dákẹ́, ó parẹ́. Ẹni tó fẹ́ ìlà kan gbọ́dọ̀ dúró kí orin yí kàn án, ẹni tó sì fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́nu wọn ní ìṣẹ́jú tó kàn án gan-an.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀, torí pé bí mẹ́kúrì bá gbóná sí i, ìró inú rẹ̀ á falẹ̀, àmì á sì yẹ̀ lórí àsìkò. Alan Turing, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Gẹ̀ẹ́sì, tiẹ̀ dábàá ọtí jíìnì, tí ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìyára ìró inú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìró ń ti ara kúọ́tìsì wọ inú mẹ́kúrì láìta padà púpọ̀, mẹ́kúrì ni wọ́n sì dì mú. Àléébù tó wúwo jù ni ìdúró, tí ẹ̀rọ tó yára ń ṣọ́ ohun tó mọ ibi tó wà. Nínú kọ̀ǹpútà Pilot ACE, tó jẹ́ èso àbá Turing, àṣẹ kọ̀ọ̀kan máa ń sọ ibi tí àṣẹ tó kàn wà, kí ẹni tó ń kọ ìlànà iṣẹ́ lè fọ́n wọn ká sí ibi tí wọn yóò ti jáde gẹ́lẹ́ nígbà tí a bá nílò wọn.